Èsì wa sí oníbàárà tó fún gègé Jinhao 159 ní ìràwọ̀ kan

Ẹ ṣeun, ọ̀gá agbẹjọ́rò, pé ẹ rí àyè kọ̀wé. A ti kà á. Gbogbo wa tí a wà ní ìsọ̀ la jọ kà á, títí kan ẹni tí ẹ bú nínú rẹ̀.

Nítorí àwọn tí yóò ka èyí lẹ́yìn ọ̀la, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá wa wí ní ṣókí. Wọ́n ní ayédèrú Montblanc, gègé olówó ńlá nì, la tà fún àwọn. Wọ́n ní wúrà tí a pè é, kì í ṣe wúrà. Wọ́n ní gègé náà jò sára ẹ̀wù funfun tí àwọn wọ̀ lọ sí kóòtù, lẹ́yìn ìyẹn ló bá yadi, kò kọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní ọmọdé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ń dá oníbàárà lóhùn níbí. Wọ́n wá fi "oníjìbìtì" dì í. Èmi tí mo ni ìsọ̀ yìí lè gba ìràwọ̀ kan mọ́ra. Ọ̀rọ̀ jìbìtì yẹn ni n kò lè gbé mì, nítorí orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń tajà, orúkọ wa nìkan sì ni oníbàárà ń rí kó tó sanwó.

Ayédèrú ni kí ẹnì kan ṣe ọjà, kó wá fi orúkọ ẹlòmíì lé e lórí. Ọ̀gá, ẹ mú gègé yín dání, ẹ wo òrùka tó yí ìdérí rẹ̀ ká. Jinhao 159 ni wọ́n kọ síbẹ̀, Jinhao sì ni orúkọ àwọn ará Ṣáínà tó ṣe é. Jinhao náà ni wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ayédèrú. Ṣé ó jọ Montblanc 149 tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì láti 1952? Ó jọ ọ́. Ó sanra bíi tiẹ̀, ó sì dúdú bíi tiẹ̀, a ò sì fi bò rí. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ funfun orí Montblanc kò sí lórí tiyín. Inú 149 ni íńkì ń wọ̀ tààrà, písítìn ló fi ń fà á. Tiyín ń lo converter, ìyẹn ike kékeré tí íńkì ń wà nínú rẹ̀, tí ẹ lè yọ jáde. Irin tí wọ́n kùn ni ara tiyín, ìdí nìyẹn tó fi wúwo tó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 gram. (Ìwúwo yẹn ń bá wa jà pẹ̀lú, torí kílò làwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù wa láti Guangzhou ní Ṣáínà fi ń gbowó.) Owó 149 tuntun ti kọjá ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Ẹ̀yin san ₦13,500. Ta ló wá ń ta Montblanc fún yín ní ₦13,500?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe gègé. Láti 1931 ni ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Hero ti wà ní Shanghai. Hero 616 tí wọ́n ń ṣe jọ Parker 51, gègé Amẹ́ríkà tó jáde ní 1941, kò sí ẹni tó ń fi gègé ṣeré tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àní Hero 616 ti lókìkí débi pé òun gan-an làwọn oníṣẹ́ ibi wá ń ṣe ayédèrú rẹ̀ kiri. Ìyẹn ni ayédèrú, ọ̀gá. A mọ̀ ọ́n tí a bá rí i, a kì í sì í kó o wọlé.

Ní ti wúrà: ẹ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín pé "18K" ló wà lẹ́nu gègé náà. Lẹ́tà márùn-ún ló wà níbẹ̀, 18KGP, méjì tó gbẹ̀yìn ni ẹ fò. Méjì yẹn ló sọ pé wọ́n fi wúrà bò ó lórí lásán ni. Irin tí kì í dípẹtà ló wà nísàlẹ̀, ohun tí a sì kọ sábẹ́ àwòrán ọjà náà láti ọjọ́ tí a ti gbé e síta nìyẹn: "ẹnu onírin, àwọ̀ wúrà". Kò tíì yí padà. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn tí wúrà ń dùn mọ́: lẹ́nu gègé oníwúrà gidi pàápàá, kì í ṣe wúrà ló ń kan ìwé. Wúrà rọ̀ jù, ìwé yóò jẹ ẹ́. Irin líle bíńtín kan ni wọ́n ń jó mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, òun ló ń kọ̀wé. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu gègé tí ẹ rà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ íńkì, níbi tí gbogbo ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2025, ni owó yín wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni arábìnrin tó ń yẹ gègé wò fún wa mú tiyín jáde nínú páálí. Bó ṣe ń ṣe é rèé: ó ń fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ṣóńṣó ẹnu gègé, kó lè rí i bóyá apá méjèèjì dọ́gba, torí bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ìwé ni yóò máa ha. Bí kò bá dọ́gba, èékánná ló fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi rí. Lẹ́yìn náà yóò tì í bọ inú íńkì aláwọ̀ búlúù, yóò fi kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ sórí pélébé ìwé kan, yóò fọ̀ ọ́, yóò nù ún, yóò ká pélébé náà sínú páálí. Gègé tí kò bá kọ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jáde kúrò níbí. Ọ̀gá, pélébé tiyín wà nínú fọ́tò tí ẹ̀yin fúnra yín gbé síbí. Ẹ wo igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, íńkì tó mọ́ gaara, ìlà kò já níbì kankan. Gègé tí ẹ ní kò lè kọ̀wé ló kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20, ni ẹrù dé ọwọ́ yín, ọjọ́ tí a sọ pé yóò dé gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ bi wá lórí WhatsApp bóyá gègé náà gba íńkì gbogbo. Èsì tí ẹ gbà ṣì wà lórí fóònù wa: "Rárá sà. Íńkì gègé nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má lo íńkì òǹtẹ̀, ẹ má lo íńkì àwọn ayàwòrán." Àmì búlúù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á.

Nínú fọ́tò kan náà, lẹ́yìn gègé, ìgò kékeré kan wà lórí tábìlì yín, ó dúró ti pádì òǹtẹ̀ ọ́fíìsì. Àwọ̀ àlùkò ló wà nínú ìgò yẹn. Àwọ̀ àlùkò kan náà ló gbẹ pa sáàárín eyín wẹ́wẹ́ abẹ́ ẹnu gègé yín. Ẹ fa fọ́tò náà tóbi, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ó rí i. A kì í ta íńkì àlùkò. A ò tà á rí.

Ohun tí ìyẹn ṣe sí gègé kò ṣòroó yé. Abẹ́ ẹnu gègé ni ike dúdú kan wà tí wọ́n la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sí, kò fẹ̀ ju irun lọ. Nítorí pé ọ̀nà náà tóóró ni íńkì ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè láti dípò èyí tó jáde. Íńkì tó ṣàn bí omi nìkan ló lè gba ibẹ̀. Wọ́n sábà máa ń po èròjà bíi glycerine mọ́ íńkì òǹtẹ̀ kí pádì má baà gbẹ, ó ki, ó sì ń lẹ̀. Íńkì àwọn ayàwòrán burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ṣẹ́láàkì nínú, ohun tí káfíńtà fi ń kun àga. Kí èèyàn da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú gègé dà bí kó da dísẹ́ẹ̀lì sínú ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, kó wá máa bú ẹni tó ta ọkọ̀ fún un. Títàn tí ẹ ní íńkì ń tàn káàkiri lórí ìwé, iṣẹ́ íńkì òǹtẹ̀ náà ni.

Ẹ̀wù yín dùn wá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé inú mọ́tò ni gègé náà wà láti àárọ̀ títí ẹ fi jáde ní kóòtù, pé bí ẹ ṣe fi há àpò ló bá ta sí yín láyà. Oòrùn oṣù kẹwàá, mọ́tò tí gbogbo wíńdò rẹ̀ wà ní títì! Atẹ́gùn tó wà nínú converter gbóná, ó wú, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, ló bá ti íńkì síwájú. Bí gègé olówó ńlá náà bá wà níbẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Ẹni tó bá ní gègé olómi lọ́wọ́, kó kọ ẹnu rẹ̀ sókè nínú àpò, kó má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, pàápàá nígbà tí íńkì rẹ̀ bá ti ku díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni atẹ́gùn inú rẹ̀ pọ̀ jù. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìléwọ́ tí a fi sínú páálí yín, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú fọ́tò, ó ṣì wà ní kíká bí a ṣe ká a.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ẹ pè ní ọmọdé. Ọjọ́rú, ọjọ́ 22, ni ẹ pè, òun ló gbé e. Ẹ pariwo mọ́ ọn, kò fèsì burúkú kankan, "ẹ má bínú sà" ló ń sọ ṣáá. Ọmọ yìí lè tú Wing Sung 601 palẹ̀, gègé tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòrí, tó ń fi pọ́ǹpù fa íńkì, kó fọ̀ ọ́, kó sì tò ó padà láìṣẹ́ nǹkan kan. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra gègé lọ́wọ́ wa, òun ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe èmi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni yín, ọ̀gá, ẹ sì mọ òwe yìí jù mí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nítorí pé ẹ fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn gègé wọ̀nyí, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Pé ọmọ ilé ìwé lè ní gègé tó ń kọ̀wé dáadáa, tó ṣe é fọ̀, tó ṣe é kún, tí kò ní sọ nù sínú pàǹtí bí bírò, láìná owó oṣù bàbá rẹ̀, nǹkan ńlá ni lójú mi. Bí ọwọ́ yín bá kéré, ẹ fi 159 sílẹ̀, ó tóbi, ẹ mú Jinhao 992, tàbí kí ẹ mú 993, èyí tí orí ẹja apanijẹ inú òkun (shark) wà ní ìdérí rẹ̀. Àwọn kan ń kó gbogbo àwọ̀ rẹ̀ jọ. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ títí láìfẹ́ kún íńkì ní gbogbo ìgbà, Wing Sung 698 dára fún un, písítìn ni, ara rẹ̀ hàn gbangba débi pé ẹ ó máa rí bí íńkì ṣe ń dínkù. Kí ẹ tó kún èyíkéyìí nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi omi tútù àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan fọ̀ ọ́, torí òróró ẹ̀rọ lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa tètè dé e. Atẹ́gùn gbígbẹ yẹn kì í jẹ́ kí íńkì pẹ́ lẹ́nu gègé.

Ọ̀gá agbẹjọ́rò, ohun tí a lè ṣe nìyí. Ẹ dá gègé náà padà, àwa la ó san owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀. A ó yọ ẹnu rẹ̀ àti ike abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lásán la fi ń fà á jáde lára 159, a ó pààrọ̀ méjèèjì àti converter sí tuntun láìgba kọ́bọ̀. A ó fi ìgò íńkì gègé kan tì í, aláwọ̀ dúdú mọ́ búlúù, irú èyí tó yẹ ìwé kóòtù. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ rí gègé náà mọ́, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, ₦13,500 yín yóò wọlé lọ́jọ́ kan náà, pé pérépéré. Owó alágbàfọ̀ tí yóò fọ ẹ̀wù náà pẹ̀lú, ẹ fi rísíìtì rẹ̀ hàn wá, a ó san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí gbèsè rẹ̀ lọ́rùn wa.

Ìràwọ̀ yín, ẹ lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n gbangba lẹ ti bú ọmọbìnrin yẹn, gbangba náà ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Tí gègé náà bá sì padà dé ọwọ́ yín, ẹ gbé ìgò àlùkò yẹn kúrò lórí tábìlì kí ẹ tó ṣí páálí, nítorí àwa la fún yín ní ẹnu kejì yìí, ẹ̀yin lẹ ó ra ẹ̀kẹta.