Ìyàjẹmí, ọmọ tí wọ́n bí sí Mobile

Èwo nínú yín ló máa sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Ìyàjẹmí? Kossola sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè, nílẹ̀ Benin òde òní. Ìlú Mobile, létí omi ní Alabama, ló ti bí ọmọ yìí lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Aleck ni wọ́n ń pè é níta. Èmi ò nílò ògbufọ̀ fún orúkọ tó ń jẹ́ nílé.

Ọmọ ogun Dàhòmì ló kó Kossola, wọ́n sì tà á ní Ouidah. (Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́, dúdú ló ta dúdú.) Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́, ṣùgbọ́n ní 1860, Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, rán ọkọ̀ Clotilda wá kó nǹkan bí 110 èèyàn, Kossola sì wà lára wọn. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò kí ẹ̀rí má bàa sí. Wọ́n pe Meaher lẹ́jọ́, ẹjọ́ ọ̀hún sì kú síbẹ̀.

Ní April 1865, ọwọ́ ọmọ ogun Àríwá, tó ń bá Gúúsù jà nínú ogun abẹ́lé náà, tẹ Mobile. Inú ọkọ̀ ojú omi tí Kossola ti ń ṣiṣẹ́ ló wà. Àwọn sójà ń já èso igi jẹ létí odò, ni wọ́n bá ké sí Kossola àtàwọn tó wà nínú ọkọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ará ọkọ̀ béèrè pé níbo ni káwọn wá lọ. Sójà ní àwọn ò mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Òmìnira wo ni ti ẹni tí kò nílé, tí kò nílẹ̀, tí kò sì lówó ọkọ̀ padà sílé? Nígbà tó yá, àwọn tí wọ́n jọ wá nínú Clotilda ní kí Kossola bá àwọn tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Meaher. Ó ń gé igi lọ́jọ́ kan, Meaher wá jókòó sórí igi tó ti wó, Kossola bá là á yé e. Meaher fò dìde, ó ní ṣé orí rẹ̀ pé ni! Yorùbá ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọ̀ràn tí Meaher bí, ẹ̀yìn Kossola ló wà.

Owó iṣẹ́ ilé ìlagi àti ọjà tí àwọn obìnrin ń kiri ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tó di Africatown, àdúgbò tiwọn ní Mobile. Ní 1872, Kossola san 100 dọ́là fún nǹkan bí éékà méjì. Ìyàjẹmí ti ń sáré kiri nígbà yẹn.