Ṣé dandan ni ká máa yin àwo tuntun torí pé a fẹ́ràn Sunny Adé?

Ọmọ Òkè-Fíà: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé Òṣogbo ńbí ni wọ́n bí King Sunny Adé, olórin jùjú, sí ní 1946, lóòótọ́ ọmọ Òǹdó ni ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ló ti kọ́kọ́ ké, a sì ń fi yangàn. Àmọ́ ìgbà wo lẹ gbọ́ àwo tuntun ẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí gbẹ̀yìn? Látorí Odù tó ṣe ní 1998, tí wọ́n torí ẹ̀ yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy, mi ò tíì rí èyí tó mú mi jókòó. Tí mo bá wá sọ báyìí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ọjà Ọba, wọ́n á ní mo ti di ọ̀dàlẹ̀. Ṣé torí pé a fẹ́ràn olórin ló wá di dandan ká máa parọ́ pé tìsinyìí dùn bíi tàtijọ́?

Ìyá Aláró: Àbúrò, ta ló ní kóo parọ́? Èmi ò parọ́. Ẹni tó ti kọjá àádọ́rin ọdún dáadáa, ṣé bó ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n náà lo fẹ́ kó ṣì máa ta ni? Rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ la fi jó nígbà tí mo ṣègbéyàwó, òun náà la gbé sí i lọ́jọ́ tí mo sọ àkọ́bí mi lórúkọ, tí mo bá ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìnkùlé òun ni mò ń gbọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò ní torí pé àwo kan ò dùn kí n wá kẹ̀yìn sí i.

Onígìtá: Ẹ má bínú Mama, mo fẹ́ bi bọ̀dá Òkè-Fíà: ta ló sọ fún yín pé ìgbà kan wà tó ga jù? Òyìnbó ló ń bá yín kà á. Bob Marley, olórin rẹ́gẹ́, kú ní 1981, Island Records, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde, ń wá ẹlòmíì tí wọ́n máa gbé jáde fáyé, wọ́n mú Sunny Adé, Juju Music jáde ní 1982, Synchro System ní 1983, Aura ní 1984 tí Stevie Wonder fi ẹnu fọn dùrù sí, ìgbà tí owó tí wọ́n ń retí ò wọlé wọ́n jọ tú ká. Látìgbà yẹn làwọn kan ti ń sọ pé ó ti kọjá. Ó kọjá lọ síbo? Ilé ló padà wá, òde ò sì dá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe, ẹ tẹ́tí sí bí àwọn gìtá yẹn ṣe ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀kan á máa tẹ ohùn méjì mẹ́ta lemọ́lemọ́ kò ní yà, èkejì á máa já sáàárín ẹ̀, Demọ́lá Adépọ̀jù á wá fa sítíìlì gìtá yẹn gùn lórí gbogbo wọn. Èmi tí mò ń ta gìtá, ọwọ́ mi ò tíì gbà á tán di òní.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù: Onígìtá, o ṣeun ọmọ mi, ṣùgbọ́n ibi tóo ti bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló ti lọ lùlù, Bàbá Sàlà tiwa n'Iléṣà tó padà di aláwàdà, lẹ́yìn ìyẹn ló dá ẹgbẹ́ tiẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní 1967. Àwọn àwo àárín 1970 sí 1979 ni kẹ́ ẹ lọ wá. Tóo bá gbé abẹ́rẹ́ lé ẹ̀gbẹ́ kìíní, orin kan á bọ́ sínú òmíì láìsinmi, á kí ẹni tó fẹ́ kí, á fi òwe ta ẹni tó fẹ́ ta, gángan á sọ èyí tí kò fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ, àfìgbà tí abẹ́rẹ́ bá dé àárín tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ṣà ṣà ṣà lo tó máa rántí pé ó yẹ kóo yí i padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Island, ará Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bá wọn ṣe é, wọ́n gé e kélekèle kí òyìnbó lè rí i gbọ́. Ó dùn o, èmi náà rà á. Àmọ́ bí a ṣe ń jó o nílé kọ́ nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Fíà: Bàbá, ẹ ṣé, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ̀ ń sá fún ìbéèrè mi. Ẹ ka ti 1967, ẹ ka ti 1983, kò sẹ́nì kan tó dárúkọ àwo kan lẹ́yìn 1998! Mi ò kórìíra bàbá yẹn, ìfẹ́ ló ń dùn mí. Tá a bá ń yin olórin lórí èyí tó ṣe dáadáa àtèyí tí ò ṣe dáadáa, báwo ló ṣe máa mọ̀yàtọ̀?

DJ Ìgbọ̀nà: Bọ̀dá, èmi tí mò ń gbé orin sílẹ̀ lóde lẹ bá wí. Tí mo bá fi ti Bàbá yẹn sí i lọ́wọ́ alẹ́, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1998 gan-an máa ń dìde. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ìfẹ́ yìí, flash tí wọ́n da orin sí ní Old Garage lẹ fi ń gbọ́ ọ. Kọ́bọ̀ ò dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá Aláró: DJ, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Jùjú kì í ṣorin inú àwo nìkan, òde ni ilé ẹ̀. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú lórí agbo wà lára ohun tó ń bọ́ ẹgbẹ́ rẹpẹtẹ yẹn, onígìtá, onílù, elégbè, títí dórí ẹni tó ń gbé sípíkà. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa fọ́n náírà, tẹ́lẹ̀ kò sẹ́ni tó kà á sí, ní báyìí EFCC ti ń gbé èèyàn lọ kóòtù. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni rúfin o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn olórin tó ti dàgbà, kó lọ san owó ìwọlé, kó ra àwo tó jẹ́ ojúlówó. Àbúrò, ìwọ tóo ní kò dùn mọ́, ṣé o ti sanwó ìgbà tó dùn?

Ọmọ Òkè-Fíà: Ó dáa Mama, ti owó ìwọlé mo gbà, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ má ní kí n yin àwo tí ò wọ̀ mí létí, ìyẹn ni mi ò ní ṣe.

Ìyá Aláró: Ta ló ní kóo yìn ín? Sanwó, jókòó, tó bá dé ibi tí ò dùn, mu mínírà ẹ, tó bá dé ibi tó dùn, dìde.

Onígìtá: Ẹ bá mi mú àyè kan sílẹ̀ níwájú, mo fẹ́ máa wo ọwọ́ àwọn onígìtá.