Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ti apá kan nínú òṣèlú

Mo ka àpilẹ̀kọ kan tó ní ti apá ọ̀tún nínú òṣèlú (àwọn tó fẹ́ pa àṣà àtijọ́ mọ́) ni onígbàgbọ́, pé ti apá òsì (àwọn tó fẹ́ kí ìjọba máa pín ọrọ̀ ìlú kó kárí) ni aláìgbàgbọ́. Irọ́ ni! Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni Tommy Douglas ní Kánádà, sọ́síálíìsì, ìyẹn olóṣèlú apá òsì, sì ni. Ní 1947, ìjọba tó ń darí ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ilé ìwòsàn fún gbogbo ará ìlú. Ṣé ìyẹn kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ẹni tó bá béèrè nínú ìjọ pé kí la fẹ́ ṣe fún àwọn aláìní, wọ́n á ní kọ́múníìsì ni. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òsì, tó di ojú gbàdúrà kó tó jẹun, wọ́n á máa fura sí i. Níbo ni kó wá gbà?