“Ilẹ̀ bàbá mi ni mo ti wú u”: àwáwí tí kò dúró níwájú òfin

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí o ò ní gbọ́ ọ: ohun tó bá ti inú ilẹ̀ ẹni jáde, tẹni ni. Onílẹ̀ gbà á gbọ́, lébìrà gbà á gbọ́, àwọn tó ń ra ère àtijọ́ kiri sì ń fi tan àwọn méjèèjì jẹ.

Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ NCMM sílẹ̀, àwọn tó ń bójú tó mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ló ń wò. Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1918, ìbáà ṣe ère, òpó gbígbẹ́, ilẹ̀kùn, ìlù, ohun ìjà tàbí ohun èlò ilé, ti bọ́ sábẹ́ òfin náà. Ohun tó níye lórí fún ìtàn tí wọ́n ti fi ṣe orò rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí ohun tó kan àwọn awalẹ̀pìtàn ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí, kó sì sọ ibi tó ti rí i àti bó ṣe rí i. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti rà á àfi àjọ náà àti aṣojú tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Gbígbé e kúrò ní Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ. Mímọ̀ọ́mọ̀ walẹ̀ láti wá a náà gba ìwé àṣẹ, kódà lóko bàbá rẹ. Ẹni tó ń jà pé tòun ni kò tíì débi tí ẹjọ́ wà.

Fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ẹ̀rọ wá góòlù lóko ló ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Òótọ́ ni pé òfin 1996 ní Íńgílándì lè jẹ́ kí onílẹ̀ àti ẹni tó rí ìṣúra jọ pín owó. Àwọn náà ní ọjọ́ 14 láti fi tó ìjọba létí, òfin wọn kò sì dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni omi àti kànìnkànìn. Wọ́n á ti fọ ìkòkò tí wọ́n wú jáde mọ́ tónítóní kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ èédú àti èérún oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn ì bá fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Idẹ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn dán, awọ ara rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ère amọ̀ tó ti mu omi nílẹ̀ lè sán tí wọ́n bá sá a sóòrùn. Ti àpáàdì ló tiẹ̀ dunni jù: wọ́n á rí i tí wọ́n tò ó lóòró, ìkan ti ìkejì pinpin, wọ́n á fi díígà tú u nítorí pé kì í ṣe owó. Ilẹ̀ títẹ́ àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n tú yẹn.

Tí o bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, dá iṣẹ́ dúró. Má fa èyí tó ṣì rì sílẹ̀ yọ. Ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà, fi rúlà tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ lè hàn, kí o sì ya ògiri kòtò náà, torí àwọ̀ ìpele erùpẹ̀ wà lára ẹ̀rí. Fi téèpù wọn bó ṣe jìn tó sí ojú ilẹ̀. Èyí tó ti bọ́ síta, tòun terùpẹ̀ ara rẹ̀ ni kí o gbé síbòòji. Fi tapólì bo kòtò kí òjò má wó o. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí NCMM. Mùsíọ́mù wọn wà ní Alẹ́ṣinlóyè, n'Íbàdàn. Fún akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ ní ẹ̀dà kan, kí o sì gba òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tìrẹ. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí rẹ pé ọjọ́ 7 kò tíì pé.

Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938 tí àwọn orí idẹ fi jáde. Ọ̀kan wà ní British Museum dòní. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì lọ sí Amẹ́ríkà, ó di 1950 kí wọ́n tó padà wálé. Ní Ìta Yemòó ní 1957, iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà ló hú ère idẹ jáde, ṣùgbọ́n awalẹ̀pìtàn Frank Willett walẹ̀ ibẹ̀ létòlétò, a sì mọ ohun tó yí wọn ká.

Ti Ọ̀yọ́-Ilé tún wá le sí i. Inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ ló wà, kò sì sí bàbá ẹnikẹ́ni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ tí a ó fi ṣe àwáwí.