Ẹ Má Sọ Búsítà Létí Mi Mọ́!

Tẹlifíṣọ̀n mi tún ti ṣe é o! Lálẹ́ àná, bọ́ọ̀lù ku díẹ̀ kó wọlé, ojú agbábọ́ọ̀lù fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ariwo aládùúgbò ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti gbá a wọlé. Nínú ilé tèmi!

London ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé, mo ń rí òpó Crystal Palace tó ń tan tẹlifíṣọ̀n ká, mítà 219 gbáko! Ṣé kí n lọ gun orí ẹ̀ ni?

Gbogbo ẹni tí mo bi, ọ̀rọ̀ kan náà: "Ra búsítà." Búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára sígínà, fún kí ni? Àpótí tó ń pín tẹlifíṣọ̀n sórí Wi-Fi ilé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: agbára sígínà 98, dídára rẹ̀ 41. Ẹni tó ń pariwo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé èèyàn, ṣé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ máa gbé fún un? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!

Mo fọwọ́ kan ẹnu wáyà áńtẹ́nà lẹ́yìn àpótí. Ó ń yí gbirigbiri lábẹ́ ìka mi! Fọ́nrán tó yẹ kó bo wáyà yíká, méjì péré ló kù, tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni ariwo sígínà fóònù 4G ń gbà wọlé. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi tó so ó, ṣé kò lójú ni? Oṣù mẹ́ta! Mo ti pààrọ̀ ráútà, mo ti ra áńtẹ́nà tuntun, mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ pé ó fọwọ́ kàn án.

Búsítà kọ́, búsítà ni!