"Tó bá kúrú -er ni, tó bá gùn more ni": kò rí bẹ́ẹ̀ o

Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń bá ọmọ ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún wọn pé tá a bá ń fi nǹkan wéra, ọ̀rọ̀ àpèjúwe òyìnbó tó bá ti ní sílébù kan, -er ni, tó bá ti di méjì sókè, more ni, ó parí. Kò parí o! Ọmọ tó bá di òfin yẹn mú, "more happy" àti "more easy" ló máa kọ, wọ́n á fi báírò pupa fa ilà sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ náà ló ṣe. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ìparí ọ̀rọ̀ ló yẹ ká máa wò. Èyí tó bá ní sílébù méjì tó sì parí sí y bíi happy, y yẹn á di i, ó di happier, happiest. Kódà unhappy tó ní mẹ́ta, unhappier náà ni. Narrow di narrower, simple di simpler. Clever àti quiet ò ní wàhálà, cleverer dáa, more clever náà dáa. Àmọ́ famous, useful, boring? More nìkan ni wọ́n gbà, torí -ous, -ful àti -ing tó wà nídìí wọn.

Ẹ wá wo àwọn kúkúrú. Tired, bored, wrong, sílébù kan péré ni wọ́n, síbẹ̀ ta ló ń sọ "tireder"? More tired ni. Èyí tó tún máa ya yín lẹ́nu ni pé tá a bá ń fi ìwà méjì tó wà lára ẹnì kan ṣoṣo wéra, bíi ká ní ọmọ kan ò gọ̀, ọ̀lẹ ló kàn ń ṣe é, "he is more lazy than stupid" la máa sọ, "lazier than stupid" ò bófin mu rárá.

Ti sípẹ́lì náà wà níbẹ̀, àwọn kan rò pé gbogbo kúkúrú ló ń ní lẹ́tà ìparí méjì torí wọ́n ti rí bigger àti hotter, ni wọ́n bá ń kọ "sweetter", "cleanner". Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nípàrí kó tó di méjì. Sweet àti clean, fáwẹ̀lì méjì ló tẹ̀ léra níbẹ̀, fast sì parí sí kọ́ńsónáǹtì méjì, faster ni. W ní tiẹ̀ kì í di méjì láéláé: newer, slower.