Kalashtar kì í lá àlá: ta ló bi àwọn ọmọ léèrè?

Ọmọ Olósùnta: Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ ń gbá géèmù Eberron, ayé àròsọ inú Dungeons & Dragons, ẹ wá gbà mí. Ẹ̀mí 67 ló sá kúrò ní Dal Quor, ilẹ̀ àlá, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn nínú ìtàn rẹ̀. Taratai ló ṣáájú wọn. Mọ́ńkì 67, àwọn èèyàn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn, lórí àwọn òkè Adar gbà wọ́n sára, ìran wọn ló di Kalashtar. Ó dáa, àwọn mọ́ńkì gbà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀nà Ìmọ́lẹ̀, ẹ̀sìn Kalashtar yẹn, ṣé ìgbàgbọ́ tiwọn ni, àbí ti àlejò inú wọn?

Ìyá Ẹléran Adó: Emèrè ni wọ́n. Ó parí.

Táyọ̀ Ìkọ̀lé: Ẹ gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà kíá.

Bàbá Géèmù: Mọ̀mí, wọn kì í ṣe emèrè o. Emèrè ní ẹgbẹ́ tó ń pè é pé kó máa bọ̀ wálé. Àwọn wọ̀nyí, bí wọ́n bá padà sí Dal Quor, ọ̀tá ló ń dúró dè wọ́n. Òkùnkùn ló ń jọba níbẹ̀. Wọ́n gbà pé sáà òkùnkùn yẹn yóò yí, ìmọ́lẹ̀ á gba ipò rẹ̀. Àṣàrò tí wọ́n ń ṣe, torí kó lè tètè yí ni. Wọn kì í sì í lá àlá rárá.

Dẹ́jọ Ọ̀yẹ́: Wọn kì í lá àlá kẹ̀? Wọ́n gbádùn. Kò sẹ́ni tó máa fún wọn lóúnjẹ lójú oorun.

Wòlíì Kékeré: Ẹ má fi ṣeré! Májèlé ni oúnjẹ ojú àlá.

Dẹ́jọ Ọ̀yẹ́: Wòlíì, ìyá mi àgbà ń jẹ iyán lójú àlá, wọ́n lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó lọ.

Wòlíì Kékeré: Ta ló gún un? Ẹ ò mọ ẹni tó gún un, ẹ sì jẹ ẹ́!

Ìyá Ẹléran Adó: Ọbẹ̀ wo ni wọ́n fi jẹ ẹ́?

Dẹ́jọ Ọ̀yẹ́: Ẹ̀gúsí. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ẹ̀.

Wòlíì Kékeré: Ẹran ìgbẹ́! Lójú àlá! Jésù!

Táyọ̀ Ìkọ̀lé: Ọmọ Èkìtì lá àlá iyán, ẹ ń pariwo. Kí lẹ fẹ́ kó lá, búrẹ́dì?

Ọmọ Olósùnta: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi ńkọ́…

Bàbá Géèmù: Àbúrò, ẹ̀mí ò gùn wọ́n. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń pè ní Inspired ní ilẹ̀ Riedra ni quori, àwọn ẹ̀mí Dal Quor, ń gùn bí ìgbà tí òrìṣà bá gun ẹlẹ́gùn. Ti Kalashtar, ẹ̀mí kan pín ara rẹ̀ sára gbogbo ìran kan.

Ìyá Ẹléran Adó: Ẹ̀mí kan, ìran kan. Emèrè. Mo ti sọ ọ́.

Bàbá Géèmù: WỌN KÌ Í ṢE EMÈRÈ!

Wòlíì Kékeré: Dẹ́jọ, ìwọ náà ti jẹ níbẹ̀ rí, àbí? Sọ òtítọ́.

Dẹ́jọ Ọ̀yẹ́: Lánàá. Mo tún bu kún un.

Akin Ìjerò: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òkè Adar yìí, ṣé lápá Ẹ̀fọ̀n ni?